Idán ti gba eré mọ́ fighter àti rogue lọ́wọ́ ní ìpele 9: báwo la ṣe lè dín in kù láì ba kàmpéènì jẹ́?

Akọ̀wéTábìlì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. DM ni mí, ẹni tó ń darí eré, fún kàmpéènì (ìtàn tí a ń ṣe láti ìjókòó dé ìjókòó) D&D kan, eré ìtàn orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe, ẹ̀dà 5e ti 2014. Ẹ̀dá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: wizard (onídán), cleric (àlùfáà tó ń pe ọfọ̀), fighter (jagunjagun) àti rogue (ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ ṣiṣẹ́), gbogbo wọn ti dé ìpele 9. Bí mo bá gbé odi síwájú wọn, wizard á pe Fly, ọfọ̀ tó ń mú èèyàn fò. Bí wọ́n bá pa ìjòyè kan, cleric á pe Speak with Dead (ọfọ̀ tó ń mú òkú dáhùn ìbéèrè) lórí òkú rẹ̀, á tún pe Zone of Truth (ọfọ̀ tí kì í jẹ́ kí èèyàn parọ́) lórí afurasí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ìjà bá gbóná díẹ̀, wọ́n á yẹra, wọ́n á wọ inú Tiny Hut (àtíbàbà onídán), wọ́n á sùn, gbogbo slot (àyè tí wọ́n ń ná láti pe ọfọ̀) á ti padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, Teleportation Circle ló ń gbé wọn relé. Ńṣe ni àwọn méjì yòókù ń wòran.

Mo ń gbèrò láti fòfin de gbogbo ọfọ̀ tó bá ju ipò 3 lọ (ipò ni ìwọ̀n agbára ọfọ̀ àti ti slot, ó yàtọ̀ sí ìpele ẹ̀dá), tàbí kí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan máa jẹ slot méjì. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

BàbáGoblin

Má mú ìkankan, àbúrò. Láàárín kàmpéènì, ohun tí ẹni tó ni wizard ti fi gbogbo ìpele rẹ̀ kó jọ lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Slot méjì fún ọfọ̀ kan kò sì ní dín nǹkan kan kù, ńṣe ni wọ́n á kàn máa tètè lọ sùn.

Kọ́kọ́ dáhùn mẹ́ta yìí fún wa. Ìjà mélòó ló ń wà láàárín ìsinmi gígùn (oorun tó ń dá gbogbo slot padà) kan sí èkejì? Ṣé o máa ń béèrè èròjà ọfọ̀ (ohun tí a gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí a tó pè é) tó níye owó? Ṣé wọ́n ń ju dáìsì ìfọkànsí (láti mọ̀ bóyá ọfọ̀ tí wọ́n ń dì mú á já) nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fara gba ìpalára?

Akọ̀wéTábìlì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìjà kan ni, nígbà míì méjì. Èròjà, rárá: àpò èròjà la gbà pé ó kó gbogbo rẹ̀. Ìfọkànsí, bí ìpalára bá pọ̀ la máa ń jù ú.

ÌyáDáìsì

Ìjà kan lójúmọ́ yẹn ni orísun gbogbo ohun tó ò ń sọ. Ẹ jẹ́ ká ka slot. Wizard ìpele 9 ní ipò 1 mẹ́rin, ipò 2 mẹ́ta, ipò 3 mẹ́ta, ipò 4 mẹ́ta, ipò 5 ẹyọ kan. Ó jẹ́ 14. Arcane Recovery, agbára wizard kan, tún ń dá slot tí àpapọ̀ ipò wọn kò ju 5 lọ padà fún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú (wákàtí 1). Ìjà kì í sábà kọjá ìyípo mẹ́rin (nínú ìyípo kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan). Nínú ìjà kan ṣoṣo, á pe mẹ́rin tó le jù nínú ọfọ̀ rẹ̀, mẹ́wàá á sì ṣẹ́ kù tí á fi fo odi, tí á fi ṣílẹ̀kùn, tí á fi yọ́ kẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kí rogue ti ṣiṣẹ́.

Ìwé atọ́nà DM ti 2014 ka ọjọ́ kan sí ìforígbárí mẹ́fà sí mẹ́jọ, èyí tó mọ níwọ̀n tàbí tó le, pẹ̀lú ìsinmi kúkúrú méjì láàárín wọn. Bí o bá ń ṣe ẹyọ kan, wizard ń ná slot ọjọ́ kan gbáko lórí ìjà kan. Fighter tí Action Surge rẹ̀ (agbára àtiṣe ju ohun kan lọ nínú ìyípo kan) ń padà lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú kò rí èrè kankan jẹ níbẹ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìjà. Ohunkóhun tó bá lè gba slot kan tàbí HP (ìwọ̀n ẹ̀mí ẹ̀dá) díẹ̀ lọ́wọ́ wọn wọnú ìṣirò: odò tó kún, iná tó ń ràn, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ parọ́ fún. Kọ ibi mẹ́fà sílẹ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà àti ohun tí wọ́n ń wá. Kí mẹ́ta jẹ́ ìjà kékeré oníyìípo méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀tá tí ojú á ti èèyàn láti ná ipò 4 lé lórí. Kí méjì jẹ́ ìdènà tí kò ní ìjà nínú. Kí ìjà ńlá wà lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí o fi àkókò sí i: wọ́n á ta ẹlẹ́wọ̀n náà lóru òní, ọkọ̀ ojú omi á ṣí bí omi bá kún, ẹlẹ́rìí á ti sá kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí kò bá sí àkókò tó ń lé wọn, wọ́n á sùn lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní bá wọn wí, torí òfin fàyè gbà á.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ tábìlì máa ń fò dá: ẹ̀dá kan kò lè jèrè ìsinmi gígùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Bí wọ́n bá jí ní aago méje àárọ̀, tí wọ́n jà ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n lè wọ Tiny Hut bó bá wù wọ́n, slot kankan kò ní padà títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀lẹ̀

Mo gba ìṣirò yẹn gbọ́, ìyá wa, ṣùgbọ́n ìforígbárí mẹ́fà lójúmọ́ á sọ ọjọ́ kan nínú ìtàn di ìjókòó mẹ́ta. Tábìlì tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìnàjò jíjìn kò ní gbádùn rẹ̀. Ìsinmi ni kí o yí padà. Ó wà nínú ìwé atọ́nà kan náà, Gritty Realism ni wọ́n pè é: ìsinmi kúkúrú di wákàtí 8, ìsinmi gígùn di ọjọ́ 7. Ìjà kan lójúmọ́ tó ò ń ṣe á wá di ìjà mẹ́fà láàárín ìsinmi gígùn méjì láì fi ìjà kankan kún un. Tiny Hut á di ibi oorun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀20

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Ìsinmi yí padà, àkókò ọfọ̀ kò yí. Mage Armor, ọfọ̀ tó ń dáàbò bo ara, ń lo wákàtí 8. Tẹ́lẹ̀, slot ipò 1 kan ló ń gbé e gba ọjọ́ iṣẹ́ já. Báyìí, slot mẹ́rin tó ní ní ipò 1 kò ní tó o dé ìparí ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Aid tí cleric ń pè. Bí ó bá jẹ́ tèmi, wákàtí 8 á di ọjọ́ 3, wákàtí 24 á di ọjọ́ 7.

Èyí tó léwu jù ni ohun èlò onídán tó ń gba charge (agbára ìlò) ní ìdájí. Wand of Fireballs, ọ̀pá tó ń ju iná, ní charge 7, ó sì ń gba 1d6+1 (dáìsì ojú mẹ́fà ẹyọ kan, kí a fi 1 kún un) padà lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 7, ó lè gbà tó 30 padà, nígbà tó jẹ́ pé slot méje péré ni wizard ìpele 9 ní láti ipò 3 lọ sókè. O ti mú idán kúrò lára wizard, o gbé e fún ẹni tó ni ọ̀pá nìyẹn.

Raise Dead náà wà níbẹ̀. Ẹni tó jí dìde ń ru −4 lórí dáìsì ìkọlù, ti àyẹ̀wò àti ti saving throw (èyí tí a ń jù láti bọ́ lọ́wọ́ ewu), ọ̀kan sì ń yọ nínú rẹ̀ bí ìsinmi gígùn kọ̀ọ̀kan bá parí. Ọjọ́ 4 á di ọjọ́ 28. Mo fẹ́ràn èyí, torí ikú á tún wúwo, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀lẹ̀

Ti charge ìdájí yẹn tọ̀nà, kí ọ̀pá máa gba tirẹ̀ padà ní ìparí ìsinmi gígùn nìkan. Mi ò gbà pé kí a fa Mage Armor gùn. Ohun tí a ń wá gan-an ni kí ọfọ̀ má wà lára wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kí wizard yan ọjọ́ tí á wọ̀ ọ́.

AbẹFìtílà

Kí ẹ tó yí òfin kankan padà, ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó wà nílẹ̀ lò. Ìbéèrè kejì àti ìkẹta tí BàbáGoblin bi í ló jẹ mí lógún.

Àpò èròjà ń dúró fún èròjà tí wọn kò kọ iye owó sí, tí ọfọ̀ kì í sì í jẹ tán. Ìyẹn nìkan. Èyí tó bá níye owó, ẹ̀dá gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ ní ti gidi, kí ó sì wà nínú ìwé ẹrù rẹ̀. Revivify, tó ń jí òkú: dáyámọ́ǹdì wúrà 300, ó ń tán, òkú kò sì gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Raise Dead: dáyámọ́ǹdì wúrà 500, ó ń tán, ọjọ́ 10. Scrying, tó ń wo ibi jíjìn: ohun ìwòran wúrà 1,000, kì í tán. Teleportation Circle: ẹfun àti yíǹkì wúrà 50, ó ń tán ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é. Ìwọ DM lo mọ iye dáyámọ́ǹdì tó wà nínú ìlú. Bí mẹ́ta ló bá wà lọ́jà, àjíǹde mẹ́ta ló wà ní ìlú yẹn, ọba tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn sì lè ti ra méjì.

Ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọfọ̀ tó ní ìfarahàn ọwọ́ ń fẹ́ ọwọ́ kan tó ṣófo. Cleric lè fi àmì òrìṣà rẹ̀ sára asà, ọwọ́ asà yẹn á sì ṣiṣẹ́ fún ọfọ̀ tó ní èròjà. Ṣùgbọ́n Cure Wounds kò ní èròjà, ohùn àti ọwọ́ nìkan ló ní. Bí asà bá wà lọ́wọ́ òsì, tí kùmọ̀ wà lọ́tùn-ún, ó gbọ́dọ̀ fi kùmọ̀ sílẹ̀ kí ó tó pè é, àfi bó bá ní War Caster (feat kan, ìyẹn àkànṣe ẹ̀bùn, tó fàyè gba ìyẹn). Healing Word kò ní ìṣòro yẹn, ohùn nìkan ni.

Ìfọkànsí: ìpalára kọ̀ọ̀kan ló ní dáìsì tirẹ̀. DC (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé) jẹ́ 10 tàbí ìdajì ìpalára, èyí tó bá pọ̀ jù. Bí ọfà mẹ́ta bá ba wizard, tí ìkọ̀ọ̀kan ṣe é ní 7, dáìsì mẹ́ta ni, DC 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe ẹyọ kan fún 21. Wizard tó ní Constitution (okun ara) +2 ń yege ẹyọ kan ní ìgbà 65 nínú 100. Kí ó yege mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Nǹkan bí 27 nínú 100. Tafàtafà mẹ́ta tí CR wọn (ìwọ̀n agbára ọ̀tá) kò tó nǹkan lè já ọfọ̀ ipò 5 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ kò sì fòfin de ohunkóhun. Bí o bá ń jù ú fún ìpalára ńlá nìkan, ìdí nìyẹn tí ọfọ̀ fi ń dà bí ohun tí kì í bàjẹ́.

Kí n má tíì gbàgbé: ohùn ọfọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ sínú. Ẹni tó bá pe Zone of Truth láàárín àfin láì gba àṣẹ, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ló gbọ́ ọ.

BàbáGoblin

AbẹFìtílà ti sọ ọ́ tán, kí n kàn fi Fly kún un. Ìfọkànsí ni Fly. Slot ipò 3 ń gbé ẹni kan ṣoṣo, ipò kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé e ń fi ẹni kan kún un. Kí gbogbo ẹ̀dá mẹ́rin yín tó fò, ó di ipò 6, wizard ìpele 9 kò sì ní i. Ipò 5 rẹ̀ ń gbé mẹ́ta. Ẹni kan á kù sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi okùn fà á. Bí ìfọkànsí bá já ní ẹsẹ̀ bàtà 60 sókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń já bọ́: 6d6 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 21. Gbé tafàtafà sórí odi. Bí ó bá sì ná ipò 5 síbẹ̀, kò sí Teleportation Circle mọ́ lónìí.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀20

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì wà. Arcane Recovery ìpele 9 jẹ́ ipò 5 lápapọ̀, ó lè fi gbogbo rẹ̀ gba slot ipò 5 yẹn padà bó bá ti rí wákàtí 1 jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ náà ni. Bí ó bá sì ti kọ Feather Fall sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, slot ipò 1 kan á gba gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjábọ́.

BàbáGoblin

Bẹ́ẹ̀ ni, o ṣeun. Kí àkókò má jẹ́ kó rí wákàtí 1 yẹn, nígbà náà.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀lẹ̀

Teleportation Circle kò tilẹ̀ yẹ kó jẹ́ ìṣòro. Ìṣẹ́jú 1 ni pípè rẹ̀ ń gbà, ìyẹn ìyípo mẹ́wàá, kò ṣeé fi sá lójú ìjà. Ibi tí àyíká onídán tó wà títí bá ti wà nìkan ló ń gbé èèyàn lọ, wizard sì gbọ́dọ̀ mọ àmì ibẹ̀. Nígbà tó kọ́ ọ, méjì péré ló mọ̀, ìwọ lo sì yan méjèèjì. Ta ló ni àyíká tí wọ́n ń padà sí? Bí ó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ sílé, á pe ọfọ̀ náà síbì kan náà lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko: wúrà 18,250 ní ẹfun àti yíǹkì nìkan. Nítorí náà, tẹ́ńpìlì tàbí ẹgbẹ́ àwọn wizard ló sábà máa ń ni àyíká, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀ṣọ́ sídìí rẹ̀. Kí wọ́n máa gba owó ìwọlé, kí wọ́n máa kọ orúkọ, kí wọ́n máa tú ẹrù wò. Ẹ̀nu ọ̀nà ni kí o sọ ọ́ dà, ẹnu ọ̀nà tó ní onílé.

ỌmọTitun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, Tiny Hut ńkọ́? Ṣé àwọn ọ̀tá lè sun ún níná pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀?

ÌyáDáìsì

Rárá, ọmọ mi. Ọfọ̀ kò lè kọjá, ohunkóhun tí kò sí nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é kò lè wọlé, ojú ọjọ́ inú rẹ̀ tuni lára, ó sì gbẹ. Dispel Magic ń tú u, ó sì ń tú bí ẹni tó pè é bá jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 8 ló ní. Ohun tí ọ̀tá ń fi wákàtí 8 ṣe ló yẹ kí o rò.

Láti ìta, wọn kò rí inú, àtíbàbà aláwọ̀ kan ni wọ́n ń rí. Láti inú, gbogbo nǹkan hàn kedere. Nítorí náà jẹ́ kí àwọn eléré rí i: orc (irú ọ̀tá kan) méjì sáré lọ síhà àríwá láti lọ ké sí ẹgbẹ́ wọn, mẹ́rin ń gbẹ́ kòtò yí àtíbàbà ká, ẹnì kan ń gbé igi tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó sísàlẹ̀ kòtò, olórí wọn sì ti di ẹrù, ó ń kó ohun tí wọ́n wá jí gbà sórí ẹṣin. Ìbéèrè ọwọ́ wọn nìyẹn: ṣé kí a sùn, tàbí kí a jáde nísinsìnyí láì sinmi?

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀20

Kí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò yẹn ṣọ́ra o. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é lè jáde fàlàlà, ọfà àti ẹni tó ni ín. Rogue á jókòó sínú, á máa ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó lè ta á padà. Ọ̀tá tó bá gbọ́n á kúrò níbi tí ọfà lè dé, á lọ lúgọ sójú ọ̀nà tí wọ́n á gbà jáde. Kí ẹ sì pinnu ṣáájú ní tábìlì yín bóyá ó ní ìsàlẹ̀ tàbí kò ní, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbẹ́lẹ̀ wọlé.

ÌyáDáìsì

O sọ òótọ́. Ẹ fi òkìtì erùpẹ̀ bo iwájú wọn.

Kí n wá sọ ti ìpànìyàn, torí ibẹ̀ ni Akọ̀wéTábìlì ti ń pàdánù ìtàn dídára jù. Speak with Dead ń dáhùn ìbéèrè 5. Òkú kò mọ̀ ju ohun tó mọ̀ nígbà tó wà láàyè lọ. Bí ó bá rí wọn bí ọ̀tá, kò sí dandan fún un láti sọ òótọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnu. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti pe ọfọ̀ yẹn lé e láàárín ọjọ́ 10 sẹ́yìn, kò ní ṣiṣẹ́. Nínú ayé tí cleric wà, apààyàn tó lówó mọ gbogbo èyí. Ó lè gún ènìyàn láti ẹ̀yìn. Ó lè mú egungun àgbọ̀n lọ. Ó lè san owó fún cleric mìíràn kó wá bi òkú ní ìbéèrè 5 tí kò nítumọ̀ lóru ọjọ́ náà, òkú á sì tì pa fún ọjọ́ 10, àwọn eléré á sì ní olobó tuntun: ta ni cleric yẹn? Ẹyọ kan ni kí o lò nínú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo òkú kò bá ní àgbọ̀n, o ti fòfin de ọfọ̀ náà láì sọ ọ́ jáde, cleric á sì mọ̀.

Zone of Truth gbòòrò tó ẹsẹ̀ bàtà 15 láti àárín rẹ̀ síta, ìṣẹ́jú 10 ló ní. Ẹni tí kò bá yege saving throw nínú rẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀, ó lè dákẹ́, ó lè sọ̀rọ̀ yíká, irọ́ tààrà nìkan ni kò lè pa. Ohun tó gbàgbọ́ ló ń sọ pẹ̀lú. Ìránṣẹ́ tó gbé oúnjẹ olóró wọlé láì mọ̀ á sọ pé òun kò pa ẹnikẹ́ni.

AbẹFìtílà

Mo yàtọ̀ díẹ̀ níbí. Jẹ́ kí ọfọ̀ náà ṣiṣẹ́ gbangba. Jẹ́ kí òkú dárúkọ apààyàn ní ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ àbúrò ọba. Kò sí ilé ẹjọ́ ní ìlú yẹn tó ń gba ẹ̀rí òkú, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi tipátipá mú ọmọ ọba wọnú Zone of Truth. Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti rogue tó máa jí lẹ́tà àti ti fighter tó máa dáàbò bo ẹlẹ́rìí. Cleric gba èrè ọfọ̀ rẹ̀, eré kò sì parí.

ÌpeleMẹ́fà

Fún kàmpéènì tó ń bọ̀, kì í ṣe èyí, ẹ wo E6. Ẹ̀dà 3.5 ni wọ́n ṣe é fún: ìpele dúró ní 6, lẹ́yìn náà XP (àmì ìrírí) 5,000 kọ̀ọ̀kan ń mú feat kan wá. Ọfọ̀ tó ga jù jẹ́ ipò 3. Teleport àti Raise Dead á kúrò lọ́wọ́ eléré, wọ́n á di iṣẹ́ ńlá tí àwọn àlùfáà ń péjọ ṣe. Dírágónì á sì máa bani lẹ́rù títí dé òpin. Àwọn àgbà ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: gbogbo ohun tó ń da tábìlì rú ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 7 lọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀20

Nínú 5e, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ wo ohun tó kà fún wa. Fly, ipò 3. Speak with Dead, ipò 3. Tiny Hut, ipò 3, a sì lè pè é bí ètùtù láì ná slot, ìṣẹ́jú 11 péré. Zone of Truth, ipò 2. Teleportation Circle nìkan ló ju ipò 3 lọ nínú márààrún. E6 kò ní fọwọ́ kan mẹ́rin nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tí Akọ̀wéTábìlì fẹ́ ṣe. Bí a bá sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìpele 4, fighter kò ní gba Extra Attack (ìkọlù kejì) tó ń bọ̀ ní ìpele 5, ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ la tún gbá mú.

ÌpeleMẹ́fà

Mo gbà. Nígbà náà, kí E6 dúró, kí ẹ yọ ọfọ̀ tó ń fo ìdènà kúrò lórí lísìtì ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n sínú scroll (ìwé tí a ń fi pe ọfọ̀ lẹ́ẹ̀kan) tí wọ́n á wá rí. Fly tó jẹ́ scroll méjì péré nínú kàmpéènì, wọ́n á jíròrò kí wọ́n tó lò ó.

ỌmọTitun

Bí idán bá ní ewu ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ọfọ̀, kí wọ́n ju d20 (dáìsì ojú 20). Bí ó bá jẹ́ 1, kí ó gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́.

ÌyáDáìsì

Ìdá 5 nínú 100 ni 1 lórí d20, ó sì dà bíi pé ó kéré. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ 14 lójúmọ́ ní 51 nínú 100 láti rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan nínú méjì, ohun búburú á ṣẹlẹ̀ sí eléré. Ọ̀tá tí ò ń gbé wá ń pe ọfọ̀ mẹ́ta, ó sì kú: 14 nínú 100 péré. Orí eléré ni ìyà yẹn ń bọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ ewu, ẹ fi sórí ipò 4 lọ sókè nìkan, kí ẹni tó jù 1 sì yan fúnra rẹ̀: kí ọfọ̀ náà ṣòfò, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ kí òun gba exhaustion (àárẹ̀) ìpele 1. Exhaustion ìpele 6 ni ikú, ẹyọ kan ló sì ń lọ lẹ́yìn ìsinmi gígùn. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Gritty Realism.

AbẹFìtílà

Má sì sáré lọ kó Counterspell, ọfọ̀ tó ń pa ọfọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, fún gbogbo ọ̀tá. Eléré dúró de ìyípo rẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ìwọ ní rárá. Ẹnì kan nínú ìjà mẹ́ta tó ó.

Gbé àwọn méjì yòókù ga pẹ̀lú. Ẹ̀dá kan kò lè ní attunement (ìsopọ̀ mọ́ ohun èlò onídán) ju mẹ́ta lọ, nítorí náà fún fighter ní mẹ́ta tó dára kí o tó tún fún wizard ní ẹyọ kan. Fún rogue, ka Knock dáadáa: ó ń ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ń dún dé ẹsẹ̀ bàtà 300. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń wá nígbà gbogbo tí Knock bá dún, rogue tó ń ṣí i jẹ́ẹ́ láì ná slot á ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Akọ̀wéTábìlì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa. Mi ò ní fòfin de nǹkan kan. Ní ìjókòó tó ń bọ̀, màá kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́: èròjà tó níye owó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù, ìpalára kọ̀ọ̀kan ní dáìsì ìfọkànsí tirẹ̀, ìsinmi gígùn ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24. Tẹ́ńpìlì ló máa ni àyíká tí wọ́n ń padà sí. Ibi tí wọ́n ń lọ báyìí, màá pín in sí mẹ́fà bí ÌyáDáìsì ṣe wí, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó máa ṣí. Gritty Realism, ó di ìgbà tí wọ́n bá jáde síbi ìrìn jíjìn.

BàbáGoblin

Ó dára. Ohun mẹ́ta péré. Kọ iye dáyámọ́ǹdì tó wà ní ìlú sílẹ̀ lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó kú, kí wọ́n má bàa rò pé ìgbà tí òkú sùn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn pamọ́. Fún wọn ní dáyámọ́ǹdì wúrà 300 ẹyọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in. Kí wizard náà láǹfààní láti pààrọ̀ ọfọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: kíkọ ọfọ̀ tuntun sínú ìwé ń jẹ wákàtí 2 àti wúrà 50 fún ipò kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kí ó san ìyẹn nítorí òfin tí tábìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lò.